Bẹ́ńsì Tí Ìyá Mi Kú Sí

Lalla Zhor, ẹ̀yin olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti agbègbè Midelt, lórí òkè ilẹ̀ Morocco níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Bàbá mi ní Bẹ́ńsì àtijọ́ kan tó dàgbà jù mí lọ. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e lọ sóko ápù, kì í sì í jẹ́ kí eruku pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, a fi gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn, ni yìnyín bá dí ọ̀nà mọ́ wa lórí òkè. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni ìyá mi kú sí, lórí itan mi.

Ìgbéyàwó mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ní Bẹ́ńsì yẹn lòun máa fi sìn mí relé ọkọ.

Mo ní, "Bàámi, ẹ má bínú, mi ò lè wọ̀ ọ́."

Ó ní, "Ṣé mọ́tò ló pa á ni? Ẹ́ńjìnnì yẹn ò kú títí wọ́n fi la ọ̀nà. Òun ni ò jẹ́ kí òtútù mú ìyá ẹ kó tó lọ. Tí o ò bá wọ̀ ọ́, wá bàbá míì tó máa sìn ẹ́."

Òótọ́ ló sọ, Lalla. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà, ńṣe ni ọwọ́ ìyá mi tún máa ń tutù lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ wa, ṣé kí n wọ̀ ọ́?