Mo Ti Gba Ẹnìkan Sí Ipò Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti gba ẹnìkan sí ipò yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá tètè kọ ọ́ sílẹ̀, ńṣe ni màá kàn máa yí i ká.

Obìnrin ni. Sìkírátù lorúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni. Òun ló ń yẹ ìwé wò báyìí kó tó dé orí ẹ̀rọ, iṣẹ́ tí ẹ̀yin nìkan ń ṣe ní ilé-ìtẹ̀wé wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Bọ̀dá Káyọ̀dé ṣì wà nídìí ẹ̀rọ. Ó ṣì máa ń fi imú kọrin bó bá ń gé bébà.

Ẹ mọ̀ pé kí n máa gba èèyàn síṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún mi fún ní Èkó, fún ọdún mọ́kànlá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìwáṣẹ́, mo mọ ẹni tó ń parọ́ àti ẹni tí ẹ̀rù kàn ń bà lásán. Nígbà tí mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni màá fi rí ẹni tí yóò máa yẹ ìwé wò. Mo lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí, Bàbá.

Wọ́n wá o. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì wá, mo ní kò ní sùúrù. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wá, mo ní ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà ń fi awò méjì léra wọn kàwé lọ́dún tó kẹ́yìn. Mò ń wo bí wọ́n ṣe mú bírò. Mò ń retí kí ọ̀kan nínú wọn gbé bébà sí imú kó tó kà á, bí ẹ ti máa ń ṣe. Kí lẹ̀ ń gbóòórùn gan-an? Mi ò bi yín rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ọ̀gbẹ́ni Adéògún. Ó ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn fún ọdún gbọọrọ kí iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ tó kógbá sílé. Mo fún un ní ìwé ètò ìsìnkú kan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe mẹ́fà sí. Ó rí méje. Èmi gan-an ni mo ṣe ìkeje, mi ò sì mọ̀. Ó yẹ kí n gbà á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó wọlé ló ti jókòó sórí àga yín lẹ́bàá fèrèsé, fìlà rẹ̀ sì ti wà lára ìṣó tí ẹ máa ń fi tiyín kọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí mo ti máa ń ṣe ní Èkó, mo ní, “A ó pè yín, sà.”

Mi ò pè é. Òun ló pè mí, lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó, mò ń wo fóònù bó ṣe ń dún.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe. Ẹni tó bá wáṣẹ́ wá sọ́dọ̀ yín, tí ẹ ò rí iṣẹ́ fún, ẹ máa ń kọ ìwé pélébé lé e lọ́wọ́ pé kò síṣẹ́, kó má bàa jókòó sílé máa fojú sọ́nà. “Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa retí, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, àwa ọmọ yín a sì máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Mélòó ni mo so mọ́lẹ̀ ní Èkó? Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọdún mẹ́ta lẹ fi bẹ̀ mí pé kí n wá bá yín ṣiṣẹ́. Mo ní màá rò ó wò. Nígbà tó yá, ẹ ò béèrè mọ́. Ṣé ẹ ṣì ń retí mi nígbà náà?

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni Sìkírátù wọlé. Òjò ti pa á, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí omi fi ro kúrò lára rẹ̀, kó má bàa ta sórí bébà. Mo bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi. Mo tiẹ̀ bi í bó ṣe máa ń mu tíì. Ó dáhùn mẹ́ta, ó dáhùn mẹ́rin, ó wá wo àga yín, ó wò mí.

“Ẹ má bínú, Àǹtí,” ó ní, “ṣé òṣìṣẹ́ lẹ̀ ń wá, àbí ẹnì kan tó ti lọ?”

Mo fẹ́ bínú, ẹkún ló jáde. Níwájú ẹni tó wá wáṣẹ́! Bọ̀dá Káyọ̀dé pa ẹ̀rọ, òun ló dá a lóhùn: “Bàbá ló ń wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbí, ó sì pọ̀.”

Mo gbà á lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo pe Ọ̀gbẹ́ni Adéògún, mo sọ fún un pé ẹnìkan péré ni ipò náà gbà, pé ó ti kún, àti pé èmi ni mo ṣe ohun tí kò dáa.

“Ẹ ṣé tí ẹ pè,” ó ní. “Mo ti ń rò pé àṣìṣe keje yẹn ló bí yín nínú.”

Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan ti wá dùn. Ní oṣù àkọ́kọ́, Sìkírátù ń jẹun ọ̀sán rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níta, mò ń jẹ tèmi nínú ọ́fíìsì, Bọ̀dá Káyọ̀dé ń jẹ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tiyín, inú abọ́ kan náà ni gbogbo wa ti ń bu gààrí mu. Mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀gá ńláńlá rí, tí mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́ mọ́ra. Èmi ni mi ò wá mọ bí mo ṣe máa sọ pé, wá jẹun.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nígbà tí Sìkírátù ti ìrun Jímọ̀ dé, ó rí ìwé àtijọ́ kan nínú dúrọ́ọ̀, tí bírò pupa yín kún inú rẹ̀. Ó kà á pẹ́. Ó wá bi mí pé, “Àǹtí, irú èèyàn wo ni Bàbá?”

Láti ìgbà tí a ti sin yín, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ yín. Wọn a kí mi kú ará fẹ́ra kù, wọn a sì bá tiwọn lọ. Mo fa bẹ́ǹṣì, mo jókòó tì í. Mo sọ̀rọ̀ yín. Bọ̀dá Káyọ̀dé ń tún èyí tí mo bá ṣì sọ ṣe. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, oníbàárà méjì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n dé, mi ò sì dìde.

Nígbà tí mo délé, ohùn mi ti há. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín.