Mọ́kànlá Ni Mo Kọ

Apòmù,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá.

Olúwadùnsìn, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara gbogbo yín le bí ìwé yìí ṣe ń tẹ̀ yín lọ́wọ́. Èmi náà wà, àfi orúnkún yìí tí kò yéé rojọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

O ní Bàbá Enoch sọ fún ọ pé èmi ni mo ti ṣọ́ọ̀ṣì Abà Ògúnlọlá pa. O bi mí lórí fóònù bóyá òótọ́ ni, mo sì pa fóònù mọ́ ọ létí. Má bínú. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé.

O mọ̀ bí abà ṣe rí. Àwọn ọmọ tó kàwé kò padà sí oko kòkó mọ́, àwọn àgbà ń kú, àwọn tó ṣẹ́ kù sì ń lọ sí ìjọ etí títì ní Ìkirè níbi tí fáànù wà. Àwọn olórí wa wá sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì tí àgbàlagbà ibẹ̀ kò bá pé ogún lọ́jọ́ ìkórè, àwọn yóò tì í, kí àwọn tó kù máa wá sí Ìkirè. Fún èmi, kí n ṣáà ti gun ọ̀kadà ni. Fún Bàbá Enoch tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ń fi ọ̀pá rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, òpin ìsìn nìyẹn.

Ìkórè bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, Àlùfáà Dáramọ́lá sì wá láti Ìkirè. Bàbá Enoch tó jẹ́ bàbá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde láti jó ìdúpẹ́, bí ìṣe wa. Ó pe Ẹgbẹ́ Ìyá, àwa obìnrin méje dìde. Ó pe Ẹgbẹ́ Bàbá, ọkùnrin mẹ́rin. Ó pe Akọrin, gbogbo wa la dìde. Ó pe Ẹgbẹ́ Ìfẹ́lódùn, gbogbo wa náà ni. Nígbà tó pe Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tó dìde. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, èmi ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin bá dìde. Mùsùlùmí ni Gàrúbà ọlọ́kadà tó gbé mi wá, àmọ́ Bàbá ṣẹ́wọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó tẹ̀lé mi. Ká sòótọ́, ó mọ ijó jù mí lọ.

Bàbá wá ro iye tó jó nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ: márùndínlógójì. Kì í ṣe irọ́ ló pa. Bó ṣe ń kà á láti ogójì ọdún nìyẹn, láti ìgbà tí ẹnì kan kì í wà nínú ẹgbẹ́ méjì.

Àlùfáà wo ìwé, ó wo ìjókòó. Ó gbé e fún èmi akọ̀wé ìjọ, ó ní, "Màmá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i." Ó wá yíjú sí fèrèsé. Mo mọ̀ pé bí mo bá fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbé e lọ. Dùnsìn, mo fẹ́ fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so èmi àti bàbá rẹ pọ̀, ẹ̀yìn ibẹ̀ la sin ín sí. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Mo fa ìlà sórí ti Bàbá, mo kọ mọ́kànlá. Bàbá ní, "Ìyá Dùnsìn, ta lo ń ṣe èyí fún?"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé àga ìwàásù àti agogo lọ sí Ìkirè. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ibojì bàbá rẹ.

Nítorí náà, òótọ́ ni. Bí wọ́n bá tún gbé ìwé náà fún mi lónìí, mọ́kànlá náà ni n ó kọ, àmọ́ ọwọ́ mi kò ní yá bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. O kò ní fojú sunkún ọmọ. Ibi tí ẹ bá ti ń sìn ín, ẹ kò ní dín kù níbẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Olúkẹ́mi

Àfikún: Má bá Bàbá Enoch jà nítorí mi, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Lánàá tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo yà sí abà. Mo bá a lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó ń ka Bíbélì sókè. Mo jókòó tì í. Kò kí mi, kò sì lé mi. Nígbà tó kan orin, ó pa Bíbélì dé, ó ń dúró kí n dá a.