Nítorí Pátákó Onjẹ Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Ìnísà.

Hafeezah Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ó dá mi lójú pé àlàáfíà lo wà ní Accra, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó èyí tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù mi lọ́jọ́ Àlàmísì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iná àdògán rẹ kú, ẹni tí ebi ń pa kò ní kọjá ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ bá ẹlòmíràn, Mutmainah ọmọ rẹ á sì rí ọkọ gidi fẹ́ lójú ayé mi. Àmín. Èmi àti ìyá rẹ wà dáadáa. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn mí, mo sì ń jẹun. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ó sọ ọ̀kan ní Makola, ó sọ èkejì ní Tudu, orúkọ àdúgbò Accra ló fi sọ wọ́n, Tudu ló lágídí jù.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ni n ó kọ́kọ́ sọ. Bí o ṣe kí mi, mo dá ọ lóhùn, mo béèrè ọmọ, mo béèrè ọjà, mo sì dákẹ́ kí o lè fèsì, ṣùgbọ́n o kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ náà kí ọ, o ò dá a lóhùn. A tún fóònù náà tẹ̀, o tún ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lo sì tún sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rẹ̀ ọ́. A ò bínú. A mọ̀ pé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ní Sabon Zongo kì í jẹ́ kéèyàn ráyè.

Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ nìyí. O ní fóònù làwọn èèyàn fi ń wá ibi tí wọ́n á ti jẹun báyìí, Mutmainah sì ti kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa síbẹ̀ bó ṣe wà lára pátákó, ṣùgbọ́n fóònù ò rí wa, torí pé ONJẸ ni mo kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, tó sì jẹ́ pé OÚNJẸ layé ń kọ báyìí. O ní akunlé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ láti pa tàtijọ́ rẹ́, àmọ́ o ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kàn án bí n kò bá yọ̀ǹda. O ṣeun tí o bi mí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ì bá ti kùn ún tán kí baba tó gbọ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé inú fóònù náà. Ṣé ebi kì í pa á ni? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí Mutmainah gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò wàákyé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, kó jẹ́ kó gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa. Tó bá di ọjọ́ kejì, kò ní béèrè ọ̀nà mọ́. Èyí tó dùn mí ni ti fọ́ọ̀mù tí o ní wọ́n fún un, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ fàmì sí i pé ènìyàn lòun. Kí ló ṣe tí wọ́n á fi máa bi ọmọ ọmọ mi bóyá ènìyàn ni? Bí wọ́n bá tún bi í, kó ní ọmọ Ilé Alágbẹ̀dẹ lòun, bí wọ́n bá sì fẹ́ gbọ́ oríkì, kó pè mí.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ ṣe agídí. Mo rọra rìn lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé, hẹ́dímásítà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní òótọ́ ni, wọ́n ti yí i padà tipẹ́. Kò kàn sẹ́ni tó wá sọ fún mi ni. Ìwé àtijọ́ àwọn Onígbàgbọ́ ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà ní Tudu, onjẹ ló wà níbẹ̀, èmi Mùsùlùmí sì kọ ọ́ bí mo ṣe bá a. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ OÚNJẸ nígbà ogún títí ọwọ́ mi fi gbà á, mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ọ pé kí akunlé máa bọ̀.

Ìyá rẹ bá mi lẹ́nu rẹ̀, ó wo bébà náà, ó ní kí nìyẹn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù wa ni. Ó ní rárá, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ṣàlàyé fún un, kò sì jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Hafeezah, o mọ̀ pé ìyá rẹ ò mọ̀wé, kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè kà láyé, òun ló wà lára pátákó yẹn, torí pé ó jókòó tì mí nígbà tí mo ń kọ ọ́, mo sì ń pè é sí i létí títí ọ̀dà fi gbẹ. Lọ́dún 1969 tí ìjọba Ghana ní kí àwa àjèjì máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wa, a ò rí pátákó gbé. Abena tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá wa gbé e pamọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyá rẹ ló kọ́kọ́ padà, èmi ṣì wà lóko, o ò tíì dáyé. Wọ́n ti wó ilé, wọ́n ti kọ́ òmíràn, ó rìn títí, kò mọ ibi tó wà mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àṣé Abena ti gbé pátákó náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ní bí àwọn Alátà òun, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, bá padà dé, wọn ò ní ṣìnà. Ìyá rẹ rí i, ó sì kà á. Ó dúró síbẹ̀, ó ń kà á sókè, títí Abena fi jáde wá dì mọ́ ọn.

Nítorí náà, kí Mutmainah kọ OÚNJẸ sínú fóònù, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kàwé ju ìyá rẹ lọ. Ní ti pátákó, dá akunlé padà.

Lẹ́yìn Iléyá a ó wá kí yín. Fi owó ọkọ̀ àwa méjèèjì ránṣẹ́, kí o sì fi owó awò ojú ìyá rẹ kún un, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Awò ìwòran wà, ti ìkàwé sì wà, ti ìkàwé ló wọ́n jù. Dókítà ojú bi í bóyá ó máa ń kàwé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọlọ́run á jẹ́ ká bá yín láyọ̀, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tàjùdíìnì.