Àwọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Fọ́tò Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo ti ha ọkọ̀ yín lára. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí n tó béèrè àlàáfíà yín, torí mo mọ̀ pé bí mo bá fi ìkíni gígùn bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fura pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ṣé dáadáa lẹ wà níbẹ̀? Ṣé orúnkún yẹn ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀?

Ọkọ̀ búlúù yẹn náà ni mo ṣì ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ ní yunifásítì láti ọdún méjì tí ẹ ti lọ. Nígbà ìsìnkú yín, a tẹ sítíkà tí fọ́tò yín wà lára rẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Àbúrò mi lẹ tirẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ṣí i kúrò kí oṣù náà tó parí. Èmi lẹ tèmi mọ́ orí ọ̀dà gan-an, lórí bùútù, torí mo fẹ́ kí ẹ hàn gbàǹgbà. Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ ò bá ti pariwo mọ́ mi kí gọ́ọ̀mù yẹn tó kan ọ̀dà. Ó yẹ kí n ti ṣí i tipẹ́, mi ò lè ṣe é. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá ṣí i, mo tún sin yín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹ rántí àwọn Sátidé wa? Níwájú ilé ní Òkèrèwè, kí oòrùn tó yọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan láti fi ṣan aṣọ kí iyanrìn má bàa padà sára ọkọ̀. Aṣọ náà ni ìró àdìrẹ tí ẹ fi pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tó ti gbó tó fi rọ̀ bí òwú. Ẹ máa ń da omi sí ọkọ̀ náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí eruku kọ́kọ́ ṣàn lọ. Orí rẹ̀ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, táyà ló ń kẹ́yìn. Tí aṣọ bá jábọ́ lọ́wọ́ mi pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ aṣọ yẹn parí lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ orí koríko ló jábọ́ sí. Àwọn afọkọ̀ ẹ̀bá títì bẹ̀ yín títí pé kí ẹ̀yin tíṣà àgbà má da ara yín láàmú mọ́. Ẹ kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní fóòmù tí wọ́n fi fọ táyà náà ni wọ́n fi ń fọ orí, ọṣẹ ìfọṣọ wọn sì ń jẹ pọ́líìṣì kúrò. Tí a bá parí, ẹ máa dijú, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọkọ̀ náà lára láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo kórìíra àwọn Sátidé yẹn. Mo jowú ọkọ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ̀?

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, eruku bò ó débi pé ẹnì kan fi ìka kọ̀wé sí i lára. Iṣẹ́ pọ̀, ọ̀lẹ náà sì wà níbẹ̀, ẹ mọ ọmọ yín. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣí ibi ìfọkọ̀ onímáṣíìnì sọ́nà Ẹ̀dúnàbọ̀n, mo bá wa ọkọ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n ní kí n ti gíláàsì, kí n jókòó. Búrọ́ọ̀ṣì ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́tùn-ún lósì, èmi ń jẹ ẹ̀pà nínú ọkọ̀, inú mi ń dùn bíi ti ọmọ kékeré. Mi ò ronú pé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti oko bọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì yẹn, mi ò sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣan eruku tèmi dànù.

Nígbà tí mo jáde sí oòrùn, ìlà tínńtín-tínńtín kún gbogbo ara ọkọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì sì ti fa sítíkà ya. Láti gèlè yín dé imú ti lọ. Ẹnu yín nìkan ló kù, ó ń rẹ́rìn-ín. Màámi, mo jókòó sẹ́bàá títì, mo sunkún. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ bẹ̀ mí títí ó fi sú u, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló lẹ sítíkà mọ́ orí ọ̀dà.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Kọ́lá ní Ìlárè, ẹni tó máa ń kun ọkọ̀, tí ẹ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á họ bùútù náà délẹ̀, òun á fín ọ̀dà tuntun sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí èmi fúnra mi lọ ṣí ìyókù sítíkà náà wá, torí òun ò lè fi abẹ fá ẹnu Tíṣà.

Ní Sátidé, mo dìde kí oòrùn tó yọ. Mo wá ìró àdìrẹ yẹn nínú àpótí yín, ó wà níbẹ̀, ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ ti ká a. Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo mú òróró ìdáná díẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn bùútù. Mi ò fa nǹkan kan. Mo ń fi omi rin ín, mo ń dúró, mo ń fi òróró ra gọ́ọ̀mù, mo ń dúró, bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ ṣí báńdéèjì lójú egbò mi. Nígbà tó kan ẹnu yín, mo dúró pẹ́. Mo ní kí ẹ dárí jì mí. Ó rọra bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Màámi, ẹ wo búlúù tó wà lábẹ́ ẹ̀! Ọdún méjì ni mo fi ń gbé ọkọ̀ náà sínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì láìfi pọ́líìṣì kàn án, tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣá, tí mi ò sì mọ̀ torí ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Ṣùgbọ́n lábẹ́ fọ́tò yín, ó jinlẹ̀, ó ń dán. Pọ́líìṣì tí ẹ fi pa á kẹ́yìn, ní Sátidé tó ṣáájú àìsàn yín, ló ṣì wà níbẹ̀. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Mi ò jẹ́ kí wọ́n fín ọ̀dà kankan sí i mọ́. Nígbà tí Bàbá Kọ́lá rí i, ó ṣí fìlà, ó ní òun á kàn bá mi fi pọ́líìṣì pa àwọn ìlà tí kò jinlẹ̀ rẹ́, kí ìyókù máa wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń bi mí pé kí ló dé tí bùútù mi fi ní àwọ̀ méjì. Mo ní ìyá mi ló wà níbẹ̀.

Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ ṣeun fún àwọn Sátidé tí mo kórìíra. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ jù mí lọ. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ kan náà lẹ fi ń tọ́jú àwa méjèèjì. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì lè gbọ́, kí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

Gbogbo òfin yín ni mò ń pa mọ́ báyìí: bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, omi kí ọwọ́ tó kàn án, aṣọ tó bá jábọ́ ti parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹyọ kan péré ni mò ń rú. Ẹ ní orí ọkọ̀ ni kí n ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi ìfọkọ̀.