Òkúta Tí Ẹ Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀ Mọ́ Àpótí Wa

                                        Yàrá Ìgé-Òkúta,
                                        Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ nípa Ilẹ̀ àti Òkúta,
                                        Ọjọ́ Ajé, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù.

Ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe,

“Eré ọmọdé lèmi àti Alápótí ń fi òkúta ṣe tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo jẹ́ kó di iṣẹ́.”

Báyìí gan-an lo ṣe wí fún Onígíláàsì, olùkọ́ tuntun ẹ̀ka wa tí gíláàsì kì í kúrò lójú rẹ̀, láàárọ̀ yìí, nígbà tí èmi Alápótí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ife tíì tìrẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, tèmi lọ́wọ́ òsì. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀kan kúrò.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara Màmá ti le? Ikọ́ bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ikọ́ tí o ní kò jẹ́ kí o lè bá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Sátidé? Mo bi ọ́ nítorí pé nígbà tí mo dá lọ síbẹ̀ lánàá, ẹ̀rín ni ẹni tó ń ṣọ́ géètì fi pàdé mi: “Àǹtí, ọ̀rẹ́ yín mà wá lánàá o! Òun àti onígíláàsì kan. Ńṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọléèwé. Ṣé wọ́n ti já yín sílẹ̀ ni?” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Eyín mi nìkan ló rẹ́rìn-ín.

O mọ bí àpótí òkúta ìkọ́ni wa ṣe rí. Yípo la to òkúta inú rẹ̀, a kò lẹ ẹyọ kan mọ́lẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fọwọ́ gbé e kiri: amọ̀ tí ẹrù ilẹ̀ tẹ̀ di òkúta, òkúta amọ̀ tí ilẹ̀ fún pọ̀, tí ooru mú, tó di pẹlẹbẹ dúdú, pẹlẹbẹ tó di òkúta dídán, tó tún di abìlà, abìlà tó yọ́, tó rọra tutù nísàlẹ̀, tó di akọ òkúta. Òjò àti oòrùn á sì tún fọ́ akọ òkúta di amọ̀. Àyè akọ òkúta nìkan ló ṣófo, nítorí o ní àwa méjèèjì la jọ máa yàn án.

Lẹ́yìn tí ẹ jáde, mo ṣí àpótí. Ẹ ti tò ó ní ìlà gbọọrọ, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó, akọ òkúta tiyín sì gbẹ̀yìn, bí ẹni pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Onígíláàsì lè má ronú kan ọ̀nà àbọ̀, pé akọ òkúta á tún padà di amọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́ mi ní ìyípo yẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, lọ́jọ́ tí mo ń sunkún nítorí ìdánwò. Ọwọ́ ìwọ náà ni mo sì ti rí gọ́ọ̀mù láàárọ̀.

Bí o bá fẹ́ pe èyí ní owú, pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Akọ òkúta tí mo yàn lánàá wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Yálà kí o wá, ìwọ nìkan, kí a fi omi gbígbóná tú gọ́ọ̀mù yẹn, kí a tún wọn tò yípo. Tàbí kí o kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé tìrẹ àti tirẹ̀ ni àpótí náà, n ó sì kó àwọn òkúta tí mo fọwọ́ ara mi wà jáde.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Sọ fún Màmá pé n ó wá wò wọ́n, èsì yòówù kí o fún mi.

Èmi ni ẹni tó ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yìí, tí èsì gbọ́dọ̀ dé,

Alápótí.