Odidi Ọ̀rọ̀ Tí Láídé Sọ

Ilé Ọbalọlá,
Ajégúnlẹ̀, Èkó.
Ọjọ́bọ̀.

Láídé Àníkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìlọrin níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń lọ déédéé, ṣé o sì ń jẹun yó? Èmi àti ìyá rẹ wà ní àlàáfíà. Orúnkún mi tó ti ń dùn mí láti ìgbà iṣẹ́ bájì, ọkọ̀ akẹ́rù orí omi, ní Kirikírì fún mi nísinmi lọ́sẹ̀ yìí. Bóyá ayọ̀ ló lé ìrora náà lọ. Láti ọjọ́ Àìkú ni ìyá rẹ ti fẹ́ pè ọ́, èmi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gé sí méjì, mo sì fẹ́ kí o rí i kà lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí o pè wá tí o ní o máa pa gbogbo fídíò rẹ rẹ́ kí oṣù tó parí, mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn rẹ, bó o tilẹ̀ ń díbọ́n pé ọ̀fìnkìn ni. O ní èébú àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò dùn ọ́ tó iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Ọládòṣù, olórí ẹbí wa, rán sí ọ: pé bí o bá tún ń fi fídíò kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, kí o má pe ara rẹ ní ọmọ Ọbalọlá mọ́. N kò fèsì lọ́jọ́ náà. Ìpàdé ẹbí ni mò ń dúró dè.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo dé fìlà mi, ìyá rẹ sì tẹ̀ lé mi, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé kì í fẹ́ràn ìpàdé ẹbí nítorí àga oníke tó máa ń gé e nídìí. Pálọ̀ ilé ńlá kún bámúbámú. Kí n tó jókòó dáadáa ni Alhaji ti bẹ̀rẹ̀: “Ìsìmáílà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ọmọ tìrẹ jókòó síwájú kámẹ́rà, odidi ló ń sọ fún gbogbo ayé.” Gbogbo wọn ń mirí. N kò ní parọ́ fún ọ. Mo ti to èsì lọ́kàn láti ilé, gbogbo rẹ̀ ló fò lọ.

Ìyá rẹ ló dìde. O mọ̀ pé obìnrin Warri yìí gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, ṣùgbọ́n bí inú bá ti ń bí i, Pídíjìn ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ó ní, “Una wey dey vex so, who don watch am?” Nínú gbogbo àwọn tó ń bínú, kò sí ẹni tó tíì wo fídíò náà. Alhaji fúnra rẹ̀ ní ẹnìkan ló sọ fún òun ní mọ́ṣáláṣí, ẹni yẹn náà sì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Ìyá rẹ, Philomena mi, yọ fóònù, ó yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, ó gbé e lé orí tábìlì láàárín wọn.

Ìwọ lo jáde, nínú aṣọ funfun rẹ. Mo ti wo fídíò yẹn tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́ ọ. O ní, “Ẹ̀yin àbúrò mi, bí nǹkan oṣù yín bá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn yín, ìbálòpọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìyẹn ló ń fa oyún. Bíbọ ènìyàn lọ́wọ́ kò lè fún yín lóyún. Jíjókòó ti ọkùnrin nínú kẹ̀kẹ́ kò lè fún yín lóyún. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kàn yín níbi tí kò yẹ, ẹ kígbe, kí ẹ sì sọ fún àgbà tí ẹ fọkàn tán.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti parí.

Àfi gbàù lẹ́nu ọ̀nà. Mujeedat, ọmọ ọmọ Alhaji, ló ń gbé omi bọ̀ wá fún wa, àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, píọ̀ wọ́tà fọ́n ká ilẹ̀. O rántí pé ìyá rẹ sọ fún ọ pé ọmọ náà kò jẹun mọ́, kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́, tí Morádéún ìyá rẹ̀ sì ń gbé e káàkiri pé ibà ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ, ó ní, “Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni? Ṣé mi ò lóyún?”

Láídé, ìyá rẹ ló rọra bi í títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ kọ́kọ́ dé, Morádéún ní, “Láti òní lọ, bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn ẹ́, oyún dé nìyẹn.” Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Snake Island. Ọkọ̀ ojú omi mì bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọlọ́kọ̀ sì dì í lọ́wọ́ mú kó má baà ṣubú sómi. Kò ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń jẹ ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ́kàn látìgbà náà nìyẹn, òun nìkan. Ó ti ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan léèrè ohun tí wọ́n ń mu láti fi ṣẹ́ oyún. Bó bá ti mu ún ńkọ́? Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bà mí.

Alhaji ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó pe ọmọ náà sọ́dọ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, “Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ la sọ fún ọmọ yìí. Ó dé inú rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó di ikú.” Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi: “Sọ fún Láídé pé mo ní kò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́. Ọmọ Ọbalọlá ni, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá bá mi.” Morádéún gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mujeedat jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ náà, ó bù kún un, ó tún tọrọ ẹran.

Ọmọ mi, a borí. Morádéún fúnra rẹ̀ ló ń fi fídíò rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ìyá ọmọ tó mọ̀. Bàbá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú àyà gbígbé sókè. Lánàá, Alhaji fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé o ò lè ṣe ọ̀kan fún àwọn àgbà ọkùnrin, nítorí nǹkan kan tó máa ń dí àwọn lọ́wọ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ odidi ọ̀rọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sọ ọ́: ìtọ̀ kì í fẹ́ jáde. Jọ̀wọ́, bá wa ṣe é. Kì í ṣe òun nìkan ló máa wò ó.

Ẹnu tí o fi ń la ọmọ ọlọ́mọ lójú kò ní di mọ́ ọ. Ẹni tó ń bú ọ lónìí, ọmọ rẹ̀ ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ayọ̀ lo máa fi gba ìwé ẹ̀rí rẹ, ojú èmi àti ìyá rẹ á sì rí i. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Ìsìmáílà Ọbalọlá.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa nígbà tí Mujeedat wọlé pẹ̀lú ẹja tí àbúrò ìyá rẹ̀ fún un ní Snake Island. Ó ní ọkọ̀ tún mì lónìí, ọlọ́kọ̀ yẹn kan náà ló sì gbé òun. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí fún Àǹtí Láídé pé òun lòun kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i.