Ilé Ni Mo Fi Ṣáájú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú màmá wa. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara mi le, ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí, torí ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Jámánì níbí wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Olùkọ́ èdè Jámánì ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Bí mo ṣe ń gbé e dìde ló ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó ní kí n yé fi "mo" bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn. Ohun tí mo bá fẹ́ kí èèyàn gbọ́ ni kí n gbé síwájú, kí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣáà ti wà ní ipò kejì, ọ̀rọ̀ á sì máa ṣàn geere.

Ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò yọjú mọ́. Ọmọ tí ìyá arúgbó náà bí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó ní nítorí olè. Lánàá, mo gbé "ilé" síwájú bí ìyá ṣe kọ́ mi, mo sọ fún un lédè wọn pé, "Ilé ni mo fẹ́ lọ."

Ó pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́!"

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé báàgì, ó ti ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà, bí mo bá ti pè, ẹ á ní akin ni mí, kí n fara dà á. Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ò ní rí àìsàn. Ṣùgbọ́n ilé ni mo fẹ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí. Ẹ dá mi lóhùn.

Àbúrò yín.